Kí A Tó Béèrè Ìbọn Ńlá fún Ọdẹ, Ẹ Jẹ́ Ká Wo Ibi tí Irin Ti Jókòó Sínú Igi

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń padà wá sórí afẹ́fẹ́ nígbàkúùgbà tí àwọn ajínigbé bá ṣọṣẹ́: irú ìbọn wo ló yẹ kí àwọn ọdẹ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ wa máa gbé? Olóògbé Rótìmí Akérédolú, tó jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, sọ ọ́ láìfi epo bọyọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Ó ní bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ní Katsina bá lè gbé AK-47, kò sí ìdí tí Àmọ̀tẹ́kùn kò fi ní í gbé e. Ẹ rántí pé oṣù mẹ́ta péré ṣáájú ìgbà náà, lọ́jọ́ Karùn-ún oṣù Kẹfà, ni wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ tí wọ́n sì pa àwọn èèyàn tó lé ní ogójì. Ọ̀rọ̀ gómìnà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Inú ń bí gbogbo wa.

Títí di òní, àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Ìjọba àpapọ̀ kò fẹ́, àwọn ìpínlẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀, àwọn ọdẹ sì ń wọgbó lálaalẹ́ pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn gan-an ni mo fẹ́ ká sọ lónìí. A máa ń ka iye ìbọn, a máa ń dárúkọ irú ìbọn, ṣùgbọ́n a kì í sábà béèrè pé báwo ni ìbọn tó ti wà nílẹ̀ ṣe wà. Ní Ìlútítun, ní Igbótakò, ní Òde-Ayé àti ní Òde-Ìrèlè, èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ ọdẹ ni ṣakabùlà, ìyẹn ìbọn tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu, tí alágbẹ̀dẹ wa fọwọ́ ara rẹ̀ rọ. Díẹ̀ nínú wọn ní single-barrel tàbí pump action tó níwèé. Bí ẹ bá sì jókòó ti àwọn ọdẹ àgbà, tí ọ̀rọ̀ dé ibi ìjàǹbá, ẹ ó rí i pé ẹranko kọ́ ló fọ́ ojú àwọn kan nínú wọn, adigunjalè sì kọ́ ló gé wọn níka. Ìbọn wọn fúnra rẹ̀ ni.

Bọ̀ọ̀dá kan wà ládùúgbò wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọdẹ ni. Èjìká rẹ̀ ọ̀tún rẹlẹ̀ ju tòsì lọ, àpá kan sì wà lábẹ́ ojú rẹ̀ tó rí bí ìgbà tí ìkà kan fi irin gbígbóná kọ ọ́. Àwa ọmọdé rò pé ilà ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni wọ́n tó sọ fún mi pé ìbọn ló ta á nípàá lóko ìjẹ̀, tí igi rẹ̀ là sí méjì, tí ìdí ọpá sì sún wá sẹ́yìn bá a lójú. Ó ṣì ń ṣọdẹ lẹ́yìn ìyẹn o, ìbọn mìíràn ni alágbẹ̀dẹ kan náà rọ fún un.

Kí ló fà á tí ìbọn fi ń tani nípàá? Kò sí àdììtú níbẹ̀. Bí ẹ̀tù bá gbiná nínú ọpá, ó ń ti ọta lọ síwájú, ó sì ń ti ìbọn fúnra rẹ̀ padà sẹ́yìn pẹ̀lú agbára kan náà. Ọta fúyẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń fò lọ. Ìbọn wúwo, ìdí nìyẹn tí kò fi lè yára bí ọta. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sún. Bó bá sún, irin ọpá ló kọ́kọ́ sún, irin náà á ti igi, igi á sì ti èjìká. Gbogbo ìṣòro wà ní ibi tí irin ti fẹ́ bá igi sọ̀rọ̀ yìí. Bí irin bá jókòó dáadáa, igi, irin àti èjìká á jọ lọ gẹ́gẹ́ bí ohun kan ṣoṣo. Bí àyè bá wà láàárín wọn, kódà àyè tí kò nípọn ju ìwé lọ, irin á kọ́kọ́ sáré gba inú àyè náà, á wá fi orí gbá igi bí òòlù. Ìgbà kìíní, kò ní hàn. Ìgbà ogún, igi á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Lọ́jọ́ kan, á là.

Àwọn tó ń ṣe ìbọn ọdẹ ńlá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì àti ní Amẹ́ríkà mọ èyí dunjú, nítorí ìbọn tiwọn le ju tiwa lọ fíìfíì. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Rigby gbé .416 jáde ní 1911, tí Holland & Holland gbé .375 tiwọn jáde ní 1912, erin àti ẹfọ̀n ni wọ́n ní lọ́kàn. Ní 1956, Winchester mú .458 jáde, tí ọta rẹ̀ kan ṣoṣo wúwo tó gíráàmù méjìlélọ́gbọ̀n. Títa nípàá irú ìbọn bẹ́ẹ̀ tó bí ìlọ́po mẹ́ta ti ìbọn tí wọ́n ń fi pa àgbọ̀nrín lọ́hùn-ún. Bí igi rẹ̀ kò bá gba irin dáadáa, kò ní lo oṣù kan kó tó fọ́ sọ́wọ́ ẹni tó fowó gọbọi rà á.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú rẹ̀ rọrùn láti lóye. Lábẹ́ ara ìbọn, níwájú, wọ́n máa ń fi irin kan sílẹ̀ tó yọ sísàlẹ̀ bí eyín. Recoil lug ni wọ́n ń pè é. Ìbọn Mauser ti 1898, tí Paul Mauser ará Jámánì ṣe, ní irú eyín bẹ́ẹ̀, òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ìbọn ọdẹ sì ń tẹ̀ lé títí di òní. Wọ́n á gbẹ́ ihò sínú igi tí eyín náà máa wọ̀. Bí ìbọn bá ta padà, eyín yìí ló máa fẹ̀yìn ti ògiri igi líle tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìpá náà á pín ká inú igi, kì í ṣe ojú kan ṣoṣo. Fún àwọn ìbọn tó le gan-an, wọ́n tún máa ń fi eyín kejì sábẹ́ ọpá níwájú, wọ́n á sì fi bọ́ọ̀tì irin gba ìbú igi kọjá kó má baà là.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni bí eyín náà ṣe máa jókòó. Àwọn àgbà oníṣẹ́ ní Ìlú Ọba a máa fi èéfín àtùpà kun irin náà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú igi, wọ́n á tún yọ ọ́. Ibi tí dúdú bá kàn lórí igi ni wọ́n á fá díẹ̀. Wọ́n á tún kùn ún, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ á lọ lórí ìyẹn nìkan. Lóde òní, àwọn míì ń da ohun kan tó dà bí àtè, tí wọ́n fi oje kẹ́míkà àti lẹ́búlẹ́bú irin pò, sínú igi náà, wọ́n á gbé irin lé e nígbà tó ṣì rọ̀, á wá le mọ́ bí irin ṣe rí gẹ́lẹ́. Èyíkéyìí tí wọ́n bá lò, ẹ̀yìn eyín gbọ́dọ̀ kan igi pátápátá, ṣùgbọ́n wọ́n á fi àyè tín-ín-rín sílẹ̀ níwájú rẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á tún fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ìrù irin náà, níbi ọrùn ìbọn, kí ìrù yẹn má baà di èèkàn tí yóò la igi. Ẹni tó bá ti rí igi ìbọn tó là, á mọ̀ pé ọrùn yẹn ló sábà máa ń là.

Ẹ jẹ́ ká padà wá sílé. Ìbọn ṣakabùlà wa kò ní eyín. Ọpá gígùn kan ni, ọ̀pọ̀ ìgbà ó jẹ́ páìpù omi tàbí páìpù tó wá lára ọkọ̀ tó ti kú, tí wọ́n tẹ́ sínú igi, tí wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ, wáyà, tàbí rọ́bà inú táyà dè mọ́ ọn. Ohun tó ń dá ìpá dúró ni ìdí ọpá tó kan igi, àti ìṣó tàbí síkúrù kan tàbí méjì. Gbogbo ìpá pátá, ojú kan ló ń bọ́ sí. Ẹ wá fi ojú ọjọ́ wa kún un. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kì í ṣe aṣálẹ̀. Òjò wa pọ̀, igbó wa tutù, àwọn ibòmíràn tiẹ̀ jẹ́ àbàtà. Igi ìbọn ń mu omi, ó ń wú. Ó dé ilé, wọ́n fi kọ́ sókè àdògán, ó gbẹ, ó sún kì. Lẹ́yìn ọdún méjì, kò sí bí irin ṣe lè jókòó bí ó ti jókòó lọ́jọ́ tí alágbẹ̀dẹ kó o jáde. Ọdẹ á kàn fi rọ́bà kún rọ́bà.

Èyí tó burú jù ni ẹ̀tù. Katiríìjì tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ ní òṣùwọ̀n: ẹni tó ṣe ìbọn mọ iye agbára tí ìbọn máa gbà. Ṣakabùlà kò ní òṣùwọ̀n kankan. Ọ̀wọ́ ni ọdẹ fi ń wọ̀n ọ́n. Bó bá gbọ́ pé ẹranko ńlá wà lóko, á fi díẹ̀ kún un. Bí ìbọn bá kọ̀ tí kò dún, ẹlòmíràn á tún ki òmíràn lé e lórí. Ìbọn tí ara rẹ̀ kò le tó, tí igi rẹ̀ ń mì, tí ẹ̀tù rẹ̀ sì di ìlọ́po méjì, irú rẹ̀ ló fọ́ ojú bọ̀ọ̀dá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn kan á ní ṣebí ìran wa ti ń lo ìbọn yìí látọjọ́ pípẹ́. Òótọ́ ni, apá ọ̀dọ̀ wa níbí sì wà nínú ìtàn náà dáadáa. Nígbà ogun Kírìjì, láti 1877 lọ, ọ̀nà tó gba orí ọ̀sà láti Èkó, tó gba Ayésàn lọ sí Oǹdó, tí Glover tó ń ṣàkóso Èkó ṣètìlẹ́yìn fún lẹ́yìn ọdún 1870, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí ìbọn àti ẹ̀tù ń gbà dé ọ̀dọ̀ Èkìtìparapọ̀. Ìró àwọn ìbọn tuntun tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Ní ẹ̀gbẹ́ omi wa níbí ni ìbọn ìgbàlódé ìgbà náà ti ń kọjá lọ sókè. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn dé òní, àwọn tó ń tà wá ní ìbọn ti kọ́ nǹkan kan tí àwa kò kọ́.

Ìlú Birmingham ló ń rọ púpọ̀ nínú ìbọn tí wọ́n ń kó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láyé òwò ẹrú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìlú náà gba òfin ní 1813 láti dá ilé kan sílẹ̀ tí wọ́n ti ń dán ọpá ìbọn wò. Ti London ti wà ṣáájú, láti 1637 ni wọ́n ti fún ẹgbẹ́ àwọn tó ń rọ ìbọn níbẹ̀ ní ìwé àṣẹ. Iṣẹ́ ilé náà kò ju èyí lọ: wọ́n á ki ẹ̀tù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ sínú ìbọn, wọ́n á yìn ín láti ibi tí kò ti lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá, wọ́n á wo ọpá náà fínnífínní. Èyí tó yè, wọ́n á lù ú ní òǹtẹ̀. Èyí tó fọ́, a dúpẹ́ pé níbẹ̀ ló ti fọ́. Ẹni tó bá ta ìbọn tí kò ní òǹtẹ̀ ní Ìlú Ọba lónìí ń rú òfin. Láti 1914 sì ni àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù ti ní ẹgbẹ́ kan tó ń mú òṣùwọ̀n ìdánwò náà bára mu. Níbí, ta ló ń dán ìbọn alágbẹ̀dẹ wò? Ọdẹ ni, pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Kí ló dé tí kò fi sí irú rẹ̀ níbí? Òfin ló dé. Òfin ìbọn tí a ń lò, ti 1959 ni, kí a tó gba òmìnira. Ó pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Èyí tó léèwọ̀ wà, tí àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ààrẹ nìkan. Ìbọn ti ara ẹni wà, bí single-barrel àti ìbọn ọdẹ olóhùn gbọọrọ tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn, tó gbọ́dọ̀ ní ìwé ọlọ́pàá. Ṣakabùlà wà lọ́wọ̀ọ́ tirẹ̀, òun ló rọrùn jù. Ṣùgbọ́n rírọ ìbọn láìgba àṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Òfin 1984 lórí ìdigunjalè tún fi kún un pé ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìníwèé lè fi ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún mẹ́wàá jura. Ìwé òfin tún sọ ọ̀rọ̀ ìbọn di ti ìjọba àpapọ̀ nìkan, ìpínlẹ̀ kò lè dá ṣòfin lórí rẹ̀.

Ó ní ìdí tí òfin fi le, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ìbọn àgbélẹ̀rọ tí ọlọ́pàá ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn àti àwọn adigunjalè, alágbẹ̀dẹ kan ló rọ ọ́. Bí ẹ bá ní kí gbogbo alágbẹ̀dẹ máa rọ ìbọn bó ṣe wù ú, kò ní pẹ́ tí ìyẹn náà á fi wá bá wa nílé. Mo mọ̀. Àmọ́ ohun tí òfin náà ṣe ní ti gidi ni pé ó lé alágbẹ̀dẹ ọdẹ sínú òkùnkùn pẹ̀lú alágbẹ̀dẹ olè. Alágbẹ̀dẹ ọdẹ kò lè lọ kọ́ṣẹ́ níbì kankan. Kò lè béèrè lọ́wọ́ ẹnìkan pé irin yìí tó àbí kò tó. Bí ìbọn tó rọ bá fọ́ ẹnìkan lójú, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ẹní, nítorí bí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ọlọ́pàá á sì wọ̀ ọ́. Báwo ni a ṣe fẹ́ mọ iye àwọn tí èyí ti ṣẹlẹ̀ sí?

Ẹ tún wo nǹkan kan. Àdéhùn ECOWAS lórí ìbọn kéékèèké, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá ní oṣù Kẹfà ọdún 2006, sọ ọ́ ní pàtó pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń rọ ìbọn lábẹ́lé sílẹ̀, kí wọ́n sì forúkọ wọn sínú ìwé ìjọba. Nàìjíríà fọwọ́ sí i. Kì í ṣe pé kí wọ́n kàn máa kó wọn o, kí wọ́n mọ̀ wọ́n ni. Ẹni tí o mọ̀ ni o lè bá wí, òun náà ni o lè kọ́ níṣẹ́.

Èrò tèmi rèé, ẹ lè bá mi jiyàn lórí fóònù. Mo rò pé AK-47 fún Àmọ̀tẹ́kùn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí Àbújá á máa fà títí, kò sì yẹ ká dúró dè é. Ohun tó wà nítòsí wa ni ìbọn tó ti wà lójú iṣẹ́. Ẹ̀ṣọ́ tí ìbọn rẹ̀ ń mì lọ́wọ́ kò lè ta ohun tó dojú kọ. Ẹ̀rù á máa bà á fún ìbọn tirẹ̀ ju ti ọ̀tá lọ; á di ojú kó tó fà á. Ìbọn tí irin rẹ̀ kò jókòó ń ta sí ibi tó wù ú: òní á lọ sókè, ọ̀la á lọ sí ẹ̀gbẹ́. Nínú oko tí àwọn èèyàn wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìbọn ọdẹ pa àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko ọ̀pẹ.

N kò sọ pé kí a lọ máa ra .458 fún ọdẹ Ìlútítun. Kí ló fẹ́ fi pa? Erin tó ṣẹ́kù ní ìtòsí wa wà nínú igbó ọba bíi Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, òfin tó ti wà láti 1985 sì dáàbò bò wọ́n. Ìmọ̀ tó wà lára irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ká yá, kì í ṣe ìbọn náà.

Fún àwọn tó ń gbọ́ wa tí wọ́n ní ìbọn tó níwèé, ó ní ohun tí ẹ lè ṣe lónìí. Ẹ rí i dájú pé kò sí nǹkankan nínú rẹ̀. Ẹ di igi mú, kí ẹ mi ọpá. Bó bá sún, bó bá dún kẹ̀rẹ̀, ẹ má yìn ín. Ẹ wo ọrùn igi nínú ìmọ́lẹ̀ bóyá ìlà tín-ín-rín kan ti wà níbẹ̀. Ẹ wo irin tí wọ́n fi dí ìdí ọpá, bóyá dúdú èéfín ẹ̀tù ń yọ létí rẹ̀; bó bá ń yọ, ìbọn yẹn ti parí, kò sí rọ́bà tó lè tún un ṣe. Ní ti pump action, bọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló sábà máa ń so igi ìdí mọ́ irin, ó sì máa ń tú. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni kí ẹ gbé e fún, kó fún un.

Ní ti ìjọba, ọlọ́pàá ló ni àṣẹ, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ lè pè wọ́n jókòó. Àwọn olùkọ́ ẹ̀rọ wà ní yunifásítì tó wà ní Òkìtìpupa. Alága ìjọba ìbílẹ̀ lè wá pápá kan tó jìnnà sílé, wọn ò nílò ju àpò yanrìn, okùn gígùn láti fi fà á, àti ọlọ́pàá tí yóò kọ nọ́ńbà. Kí àwọn ọdẹ tó níwèé kó ìbọn wọn wá, kí wọ́n dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lu èyí tó yè ní òǹtẹ̀, kí alágbẹ̀dẹ tó rọ èyí tó fọ́ wà níbẹ̀ láti rí ibi tó ti fọ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. A ti kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí àwọn tó yẹ. Bí wọ́n bá fún wa lésì, ẹ ó gbọ́ ọ lórí ètò wa.